A ń wá lọ́yà tí yóò jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlànà ilé-ẹjọ́, a ò rí. Kí la ṣe tí kò dáa?

Àwíyé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Wọ́n fi mí sára àwọn tí yóò bá ìgbìmọ̀ ìlànà ilé-ẹjọ́ wá lọ́yà méjì. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń kọ ìlànà tí ẹjọ́ gbèsè, ẹjọ́ ilé, ẹjọ́ àdéhùn àti irú wọn ń tọ̀: ọjọ́ mélòó ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì, ìwé wo la ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti gbé ìkéde jáde. Nígbà àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́rin ló kọ̀wé. Nígbà kejì ó di mẹ́fà, àwọn mẹ́rin ìṣáájú sì wà nínú wọn! Ọ́fíìsì ńláńlá ni gbogbo wọn ti ń ṣiṣẹ́, ẹjọ́ tí gbogbo wọn ń ṣe ò sì yàtọ̀ síra.

Mi ò sọ pé wọn ò dáa o. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti ní irú wọn tó pọ̀ tó. Iṣẹ́ náà ò ní owó oṣù, owó ọkọ̀ àti ìnáwó pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ nìkan là ń san padà. Ìpàdé kan lóṣù, ọdún 3 gbáko. Ẹ̀yin lọ́yà inú wa, kí ló dé tí ẹ ò kọ̀wé?

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀ kọ:

Ẹ gbé ìkéde yẹn wá ká rí i ná.

Àwíyé kọ:

Ó gùn. Ibi tó ṣe kókó nìyí:

> Ẹni tó bá fẹ́ ipò yìí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti ṣe aṣáájú nínú àwọn ẹjọ́ tó díjú tó sì lórúkọ, pé òun ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba tàbí ti ẹgbẹ́ lọ́yà rí, àti pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń bọ̀wọ̀ fún òun káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹjọ́Wẹ́wẹ́ kọ:

Ẹ̀gbọ́n Àwíyé, ẹ má bínú sí mi o, ìkéde yín gan-an ló lé mi. Mo kà á, mo dé ibi "ẹjọ́ tó lórúkọ", mo pa á dé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe lọ́yà, kò sí ẹjọ́ mi kan tó lórúkọ. Onílé àti ayálégbé ni. Gbèsè ni. Ọkọ̀ kọlu ọkọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo, mo lè dúró lórí ẹjọ́ mẹ́sàn-án kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè ibi tí ìlànà ti ń kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, màá sọ ọ́ fún yín láìṣí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹyọ kan. Ní ilé-ẹjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù tí olùjẹ́jọ́ fi ń fèsì ní ìbéèrè kan lókè: "Ṣé o gba ẹ̀sùn yìí?" Àpótí méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni àti Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí ẹ̀kẹta. Ó wá ku ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ ìdajì owó tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí kò sì mọ ohunkóhun nípa ìdajì kejì. Ibo ni kó fàlà sí? Mo ti rí wọn tó pọ̀, olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, wọ́n á fàlà sí Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wá kọ àlàyé wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Òṣìṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù ò ní ka ẹ̀gbẹ́ ìwé. Àpótí ló ń wò. Kí wọ́n tó ta pútú, ìdájọ́ ti jáde fún gbogbo owó náà.

Ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ olówó ṣẹjọ́ ò lè mọ èyí láé, torí kò fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yẹn rí láyé. Èmi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìkéde yín sọ pé èmi kọ́ lẹ ń wá.

Ìwé_Lọ́wọ́ kọ:

Àbúrò mi Ẹjọ́Wẹ́wẹ́ ti sọ ọ́ dé góńgó. Kò sì yẹ kó jẹ́ oore-ọ̀fẹ́ pé ká mú irú wọn. Níbòmíràn, òfin ló sọ ọ́ di dandan.

Ẹ wo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Civil Procedure Act ọdún 1997 ló dá ìgbìmọ̀ ìlànà wọn sílẹ̀. Abala kejì òfin náà ka irú ẹni tó gbọ́dọ̀ jókòó níbẹ̀: lẹ́yìn àwọn adájọ́, lọ́yà 3 tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró rojọ́ ní àwọn ilé-ẹjọ́ àgbà, àti lọ́yà 3 tó ní àṣẹ láti máa darí ẹjọ́ fún oníbàárà. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ ní ìrírí iṣẹ́ ní county court, ìyẹn ilé-ẹjọ́ tí irú ẹjọ́ Ẹjọ́Wẹ́wẹ́ ń lọ. Èèyàn 2 tún wà tí wọn ò ní láti jẹ́ lọ́yà rárá, àwọn tó mọ̀ nípa fífún aráàlú nímọ̀ràn tàbí nípa ẹ̀tọ́ àwọn tó ń rajà.

Abala kìíní òfin kan náà sì ní kí ìlànà rọrùn, kí wọ́n sì kọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn. Ẹ ò rí i pé nǹkan méjì nìyẹn? Ìlànà lè rọrùn kí ẹni tó kọ ọ́ fi èdè ba a jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Àwíyé, kí lòfin tó dá ìgbìmọ̀ tiyín sílẹ̀ sọ? Ṣé òun ló ní kó jẹ́ "ẹjọ́ tó lórúkọ" ni, àbí ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Àwíyé kọ:

Ojú ń tì mí. Ohun tí òfin sọ ò ju "lọ́yà tó ní ìrírí níwájú ilé-ẹjọ́" lọ. Ìyókù, àwa la fi kún un. Wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ láti ara ìkéde ipò mìíràn.

Olóòótọ́Ọ̀rọ̀ kọ:

😂😂 Ẹ ti rí olè yín mú.

ArúgbóÌgbìmọ̀ kọ:

Mo jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí fún sáà méjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, torí mo ń rí i pé àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ dídùn la ń sọ níbẹ̀. Kíkà ni. Ìwé á dé ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú ìpàdé, ó lè tó 300 ojú-ewé. Ẹni tí kò bá kà á ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí a lò tán lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "ọjọ́". Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kẹfà ti ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn sọ nígbà kan pé bí àkókò bá dín sí ọjọ́ 11, a ò ní ka Sátidé, Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 11 sókè, gbogbo rẹ̀ la ó kà. Ó jọ bí oore, àbí? Ẹ mú kàlẹ́ńdà kí ẹ ka ọjọ́ 10 láti ọjọ́ Ajé láì ka òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ tún wá ka ọjọ́ 14 láti ọjọ́ Ajé kan náà, kí ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ kan náà lẹ máa bá wọn! Bí ìsinmi ìjọba bá wá bọ́ sáàárín, ọjọ́ 10 á gùn ju ọjọ́ 14 lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn lọ́yà fi ń ṣe ìṣirò yìí lórí ìka kí ìgbìmọ̀ tó tún un ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2009, ọjọ́ ti di ọjọ́: ka gbogbo rẹ̀, bí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀ tàbí ìsinmi, sún un síwájú. Wọ́n sì sọ ọ̀pọ̀ àkókò kéékèèké di 7, 14, 21 tàbí 28, kí ìparí má baà máa bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀.

Ta ló máa rí irú àléébù bẹ́ẹ̀? Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ti pàdánù ẹjọ́ rí torí ọjọ́ kan ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì lè ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi hàn án. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìgbìmọ̀ nílò àwọn méjèèjì.

Kò_Gbà kọ:

Ẹ máa tan ara yín. Lọ́yà ló ń kọ ìlànà tí lọ́yà ń jẹun lórí rẹ̀. Bí ìlànà bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi mẹ̀kúnnù lè ṣẹjọ́ mi fúnra mi, ta ni yóò gbéṣẹ́ fún wọn? Dípò kí ẹ máa wá lọ́yà méjì sí i, ẹ yọ méjì kúrò níbẹ̀.

DúróFúnraMi kọ:

Kò_Gbà, mo wà lẹ́yìn rẹ dé ìdajì. Èmi ni mo ṣẹjọ́ ara mi lọ́dún tó kọjá láìsí lọ́yà. Ìwé dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ Ẹtì nírọ̀lẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n fèsì "láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí ìwé bá dé". Mo ka ọjọ́ Ẹtì mọ́ ọn, ẹ̀rù bà mí, mo sáré lọ fi ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá, àlàyé tí mo kọ ò sì jinná. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni obìnrin tó wà ní tábìlì ṣàlàyé fún mi pé a kì í ka ọjọ́ àkọ́kọ́ rárá. Mo bi í pé ibo ni wọ́n kọ ìyẹn sí. Ó wá a fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwé òmíràn pátápátá ló wà.

Bí lọ́yà ìgbìmọ̀ bá ti dúró sí tábìlì yẹn rí, tó rí ojú àwa tí à ń tò síbẹ̀, mo rò pé gbólóhùn yẹn ì bá ti wà lójú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

ArúgbóÌgbìmọ̀ kọ:

> Lọ́yà ló ń kọ ìlànà tí lọ́yà ń jẹun lórí rẹ̀.

Kò_Gbà, ewu tí o dárúkọ yẹn wà lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Mo ti rí i lójú mi. Lọ́yà tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́, gbogbo ìlànà tó bá máa mú kí ẹni tó fara pa rí owó kíákíá, á rí àléébù sí i. Lọ́yà tó ń bá àwọn tó fara pa ṣiṣẹ́ náà ò yàtọ̀, ìhà kejì ni tirẹ̀ fì sí. Ohun tó ń mú un dọ́gba ni pé kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, kí oníkálùkù sọ irú ẹjọ́ tó ń ṣe kó tó la ẹnu, kí ó sì yé e pé ọ́fíìsì rẹ̀ kọ́ ló rán an.

Ìgbìmọ̀ nìkan kọ́ ló sì ń pa àṣẹ. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Chancellor, ìyẹn mínísítà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́, lè sọ pé òun ò fọwọ́ sí ìlànà tí wọ́n bá gbé wá, Ilé Aṣòfin sì ń rí i. Ti Amẹ́ríkà ń gba ọ̀dọ̀ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn kọjá, ó gbọ́dọ̀ dé iwájú Congress, ilé aṣòfin wọn, kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, bí wọn ò bá sì ta kò ó, ó di ìlànà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Láti ọdún 1988 ni òfin wọn ti ní kí ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ náà wà ní gbangba. Bí wọ́n bá kọ àbá kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú oṣù Kẹjọ, ẹnikẹ́ni sì lè sọ ohun tó rò títí di àárín oṣù Kejì. Ìwọ náà lè kọ̀wé sí wọn.

Kò_Gbà kọ:

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé mẹ̀kúnnù?

ArúgbóÌgbìmọ̀ kọ:

À ń kà á. Lẹ́tà kan láti ọwọ́ akọ̀wé ilé-ẹjọ́ kan ló jẹ́ ká da àbá kan nù lódindi nígbà tèmi. Ó fi fọ́ọ̀mù mọ́kànlá ránṣẹ́ sí wa, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ láṣìṣe sójú kan náà.

Lọ́yà_Alákọ̀ọ́kọ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó o, ẹ ń yí i ká. Èmi nìkan ni mo wà ní ọ́fíìsì mi, èmi àti akọ̀wé kan. Ọjọ́ kan tí mo bá lò ní ìpàdé, ọjọ́ tí owó ò wọlé nìyẹn. Ẹ tún fi ọjọ́ méjì ìwé kíkà kún un. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ńlá, owó oṣù rẹ̀ ò yẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á tún máa fi orúkọ ìgbìmọ̀ yẹn polówó ara wọn. Nígbà tí ẹ bá ní iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, ẹ ti yan ẹni tó lè wá. Ìkéde yín lè dùn bí ohùn adájọ́, kò ní yí ìyẹn padà.

Àwíyé kọ:

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Agbára mi ò ká owó o, òfin ni kò fàyè gbà á. Àmọ́ kí la lè ṣe tó máa dín ìnira rẹ̀ kù?

Lọ́yà_Alákọ̀ọ́kọ̀ kọ:

Ẹ kọ ọjọ́ gbogbo ìpàdé ọdún kan sílẹ̀ kí ẹ tó yan èèyàn, kí n lè bẹ adájọ́ kó má gbé ẹjọ́ mi sí ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí èèyàn lè wọlé láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ má pín 300 ojú-ewé fún gbogbo èèyàn, ẹ jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kéékèèké pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kí ẹ sì kọ gbogbo èyí SÍNÚ ÌKÉDE. Bí mo bá rí i pé ọjọ́ méjì lóṣù ni gbogbo rẹ̀, mo lè gbé e wò. "Ìpàdé ní ìgbàkigbà tí ó bá yẹ" tí ẹ kọ síbẹ̀ yẹn, ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ìgbàkigbà?

Wọ́n_Dámi_Padà kọ:

Èmi kọ̀wé sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n ní kí n sọ ìgbà tí mo "darí àyípadà ńlá". Ọmọ ogójì ọdún ni mí, mo ti darí ẹjọ́ tó lé ní 2,000, kò sí ohun tí mo lè sọ. Ẹnikẹ́ni ò fi ìlànà kan hàn mí kó bi mí pé kí ló burú níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá mi padà jẹ́ ìlà méjì. Wọn ò sọ ohun tí mo kù sí. Bí wọ́n bá tún kéde lónìí, ṣé ẹ rò pé màá kọ̀wé?

ArúgbóÌgbìmọ̀ kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà níbí. Àbá tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín ni màá sì mú: ẹ gbé ìlànà kan tí kò dáa síwájú oníkálùkù, ìlànà kan náà fún gbogbo wọn, kí ẹ fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú àti bírò. Ẹni tó bá rí ibi tí yóò ti ṣe olùjẹ́jọ́ níbi, tó sì rí ibi tí yóò ti ṣe olùpẹ̀jọ́ náà níbi, tó wá tún un kọ ní gbólóhùn tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ mú un. Ẹ má bi í léèrè àwọn tó ń bọ̀wọ̀ fún un.

Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tún èdè ìlànà ẹjọ́ wọn kọ lọ́dún 2007, wọ́n yọ "shall" kúrò níbi gbogbo tí wọ́n ti lè yọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ kan yẹn lè túmọ̀ sí dandan, ó lè túmọ̀ sí àyè, ó lè túmọ̀ sí ohun tó ń bọ̀. Irú ojú tó ń rí bẹ́ẹ̀ lẹ nílò.

Ẹjọ́Wẹ́wẹ́ kọ:

Ẹ tún yí ibi tí ẹ ń lẹ ìkéde mọ́ padà. Àwa ò ráyè ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá tí lọ́yà ń jókòó sí nílé-ẹjọ́. Ẹ bi àwọn akọ̀wé ilé-ẹjọ́, wọ́n mọ lọ́yà tó máa ń tún fọ́ọ̀mù àwọn ẹlòmíràn kọ fún wọn láìgbowó.

Ìwé_Lọ́wọ́ kọ:

Jẹ́jẹ́ o. Bí ẹ bá ń bi akọ̀wé léèrè, kó má lọ di "ẹni tí mo mọ̀". Ẹ lè ní kí ẹni náà wá kọ̀wé, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà àti àwọn olùyàn kan náà ni kí gbogbo wọn bá pàdé.

Àwíyé kọ:

Mo gbà. Mo lò alẹ́ àná lórí rẹ̀, mo sì bá alága sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ wo tuntun:

> A ń wá lọ́yà méjì. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilé-ẹjọ́ kékeré. A ò béèrè ẹjọ́ tó lórúkọ, a ò sì béèrè pé kí o ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ rí. Ọjọ́ méjì lóṣù ni iṣẹ́ náà, ọjọ́ ìpàdé ọdún tó ń bọ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, o sì lè wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí owó oṣù. Kọ ojú-ewé kan péré sí wa: dárúkọ ìlànà kan tó ń ni àwọn oníbàárà rẹ lára, kí o sì sọ bí ìwọ yóò ṣe tún un kọ. Gbogbo ẹni tí a ò bá mú ni a ó sọ ìdí rẹ̀ fún. Kí ìwé rẹ dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ 14.

Lọ́yà_Alákọ̀ọ́kọ̀ kọ:

Èyí, mo lè kọ̀wé sí i.

Kò_Gbà kọ:

Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣì ń wò yín o.

DúróFúnraMi kọ:

Ẹ̀gbọ́n Àwíyé, ọjọ́ 14 láti ìgbà wo? Ṣé a ó ka ọjọ́ tí ẹ gbé e jáde?

Àwíyé kọ:

Háà! Ẹ ṣeun. Mo ti yọ ọ́. "Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù yìí" ni mo fi rọ́pò rẹ̀.